Iná Ọkọ̀ Àtijọ́: Ká Wá Ibi Tó Ti Já, Àbí Ká Fa Wáyà Tuntun?

Bí ọkọ̀ kan bá ń bọ̀ lóru lójú ọ̀nà àtijọ́ tó ti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí ọ̀kan nínú iná iwájú rẹ̀ ti kú, ẹni tó ń wakọ̀ bọ̀ lódìkejì kò ní mọ̀ pé ọkọ̀ ni. Ọ̀kadà ni yóò pè é. Àyè ọ̀kadà ni yóò fi sílẹ̀ fún un, odindi mọ́tò ni yóò sì bá pàdé nínú àyè náà. Ọ̀nà ọ̀hún kò fẹ̀, ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ ni wọ́n jọ ń pín in. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè gbà fún ẹnikẹ́ni tó bá ní iná ọkọ̀ jẹ́ nǹkan tí a lè fi sílẹ̀ di ìgbà tí owó bá wọlé.

Ká tilẹ̀ ní a ti gbà láti tún un ṣe lónìí, ọ̀nà wo ni ká tọ̀? Lábẹ́ àtíbàbà àwọn ríwáyà, ẹnu kì í kò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ní ká fi sùúrù wá ojú ibi tí iná ti já, ká tún ibẹ̀ nìkan ṣe. Àwọn kan ní ọkọ̀ tó ti lo ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún, wáyà inú rẹ̀ ti kú tán, ká tú u dà nù, ká fa tuntun. Mo ti sanwó fún ìhà méjèèjì. Mo fẹ́ gbé wọn sórí ìwọ̀n kan náà, nítorí olúkúlùkù wọn ló ní ẹjọ́ tó yẹ ká gbọ́.

Ọkọ̀ tèmi jẹ́ Volkswagen tí a ń pè ní ìjàpá. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Òjó, lójú ọ̀nà tó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, bàbá mi sì ra tirẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí Bàbá papò dà, èmi ni wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé lọ́wọ́. A kùn ún lọ́dà tuntun nígbà tí a fẹ́ ṣe ìrántí ọdún márùn-ún wọn. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí iná rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí ní kàyééfì. Iná iwájú apá òsì ń tàn bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń gbẹ. Ti ẹ̀yìn tún burú ju ìyẹn lọ. Bí mo bá tẹ bíréèkì lóru, iná ẹ̀yìn òsì yóò ṣókùnkùn dípò kó mọ́lẹ̀ sí i, tráfíkétọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò sì máa ràn fẹ́ẹ́rẹ́ láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kàn án.

Ríwáyà tí mo kọ́kọ́ pè ṣí búùtù, èyí tó wà níwájú ìjàpá, ó wo inú rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. “Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “wáyà yìí ti gbó. Ẹ jẹ́ kí n fà á tuntun.” Ó fa wáyà láti ìdí swíìṣì dé iná iwájú òsì. Mo sanwó. Iná náà mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i, díẹ̀ náà ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ro ẹjọ́ àwọn tó ní ká wá a. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé wáyà ọkọ̀ àtijọ́ kì í ṣe awo. Kò sí kọ̀ǹpútà tó jókòó sáàárín swíìṣì àti gílóòbù. Iná jáde láti inú bátìrì, ó gba swíìṣì àti fíúsì kọjá, ó dé inú gílóòbù, ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó sì gba ara irin ọkọ̀ padà sí bátìrì. Bí gílóòbù tó dára kò bá tàn, ojú ọ̀nà yẹn ló ti já níbì kan, ẹni tó bá sì ń tọ̀ ọ́ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò bá ibẹ̀. Àwọn ará Jámánì tilẹ̀ fi àmì sí i fún wa. Nọ́ńbà 30 ni iná tó ti bátìrì wá tààrà. Nọ́ńbà 15 ni èyí tó máa ń wá lẹ́yìn tí a bá yí kọ́kọ́rọ́. 56a ni fúùlù, 56b ni dímù, 58 ni iná kékeré iwájú àti ti ẹ̀yìn, 31 sì ni ọ̀nà tí iná ń gbà padà, tí àwọn ríwáyà ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Lára ìjàpá, wáyà funfun ló ń gbé fúùlù, èyí tó pọ́n bí ìyeyè ló ń gbé dímù, èyí tó láwọ̀ bíi kòkó ni ẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá mọ nọ́ńbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yìí ti mọ ojú ọ̀nà inú Mercedes àti Audi àtijọ́ náà.

Wọ́n tún ń sọ pé wáyà kì í sábà kú láàárín. Orí rẹ̀ ló máa ń kú, níbi tó ti pàdé ìdè, tàbí fíúsì, tàbí ilé gílóòbù, torí ibẹ̀ ni omi àti ìpẹtà ti ń ráyè. Fíúsì ìjàpá dára láti fi ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe irú èyí tó ní ẹsẹ̀ méjì pẹlẹbẹ tí a mọ̀ lónìí. Ọ̀pá kékeré kan ni, orí rẹ̀ méjèèjì ṣe ṣóńṣó, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì na ẹ̀yìn rẹ̀ já. Funfun jẹ́ ámpíà 8, pupa jẹ́ ámpíà 16. Ahọ́n irin méjì ló dì í mú, bí ahọ́n náà bá sì ti dípẹtà, iná kò ní kọjá bó tilẹ̀ jẹ́ pé fíúsì kò jó. Mo ti rí i tí ẹnìkan fi àtàǹpàkò yí fíúsì bẹ́ẹ̀ lójú kan ṣoṣo, tí iná sì tàn padà. Ká ní wọ́n ti gé wáyà rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?

Ríwáyà kejì tí mo mú ìjàpá lọ bá jẹ́ àgbàlagbà. Bàbá náà kò mú ọ̀bẹ jáde rárá. Mítà ni wọ́n mú. Wọ́n ní kí n tan ẹ́ńjìnnì, kí n sì tan iná, torí wáyà tí kò gbé ẹrù kì í fi àìlera rẹ̀ hàn. Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì ìjàpá wà, nítorí náà wọ́n so wáyà gígùn kan mọ́ ẹnu mítà kó lè ti iwájú dé ẹ̀yìn. Ní ẹnu bátìrì, fóólítì 13.8. Ní ẹnu gílóòbù òsì, 11.1. Wọ́n wá wọn àárín ẹ́ẹ̀tì gílóòbù náà sí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, níbi tí kò yẹ kí mítà ti rí ju díẹ̀ kékeré lọ. Ó ka 2.3. Ìyẹn ni pé nínú fóólítì 2.7 tó ń sọnù, ọ̀nà àbọ̀ ló ń jẹ 2.3, ọ̀nà àlọ, tí mo ti sanwó fún wáyà tuntun rẹ̀, kò jẹ ju 0.4 lọ. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ohun tí a ti ṣe gan-an nìyẹn.

Ó yẹ kí olówó ọkọ̀ mọ ohun tí fóólítì 2.7 yẹn ń ná òun. Gílóòbù onírin kò dà bí ẹ̀rọ omi tó jẹ́ pé bí agbára bá dín díẹ̀, iṣẹ́ náà á dín díẹ̀. Bí fóólítì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bá dín ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò dín ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Tèmi ti dín ní bí ìdá kan nínú márùn-ún. Ìmọ́lẹ̀ tó kù kò tó ìdajì, gílóòbù náà sì rèé, kò ní àrùn kankan.

Bàbá ríwáyà náà tú ìdè tó di wáyà aláwọ̀ kòkó mú nínú búùtù. Ọ̀dà ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó kun ọkọ̀ náà ti kun ibẹ̀ bolẹ̀, wọ́n sì ti de ìdè lé ọ̀dà lórí. Wọ́n fi sáńpépà ha á títí irin fi yọ funfun, wọ́n fi gíríìsì díẹ̀ sí i, wọ́n dè é le. Ti ẹ̀yìn jọ ọ́, ṣùgbọ́n ó fi díẹ̀ yàtọ̀. Iná ẹ̀yìn ìjàpá kò ní wáyà àbọ̀ tirẹ̀. Fẹ́ńdà ló ń gbà padà, fẹ́ńdà sì ń gba ìdè tó so ó mọ́ ara ọkọ̀. Ọ̀dà tuntun àti ìpẹtà ti dí àárín wọn. Nígbà tí mo bá tẹ bíréèkì, iná tó yẹ kó padà sílé kò rí ọ̀nà, ó wá ń gba inú gílóòbù tráfíkétọ̀ lọ wá ibòmíràn gbà. Ohun tó ń mú un ràn láìfọwọ́kàn nìyẹn. Bàbá fa wáyà kékeré kan, tí kò gùn ju apá mi lọ, láti ilé iná náà sí ara ọkọ̀. Òwúrọ̀ kan ni gbogbo rẹ̀ gbà. Mítà ka 13.3 níwájú.

Bí mo bá dúró síbí, alágbàwí apá kan ni mo jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Abẹ́òkúta ní Mercedes V-boot ti 1993. Nígbà tí iná iwájú tiwọn bẹ̀rẹ̀ ìyọnu, èmi ni mo rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa wáyà tuntun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi wá a. Dímù ọ̀tún kú, a bá ibi tó ti já, a so ó. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, fíúsì jó, a bá ibi tí wáyà méjì ti fara kan ara wọn, a fi tépù yí i. Fíúsì tún jó. Ní ọjọ́ tí a tú ìdì wáyà náà palẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni ojú wa tó là. Rọ́bà ara àwọn wáyà tó wà nítòsí ẹ́ńjìnnì ti gbẹ bí èèpo ẹyin. Bí a bá rọra tẹ wáyà kan, rọ́bà á fọ́ wẹ́wẹ́, bàbà á yọ síta. Àwọn tó mọ Mercedes mọ̀ pé èyí tí wọ́n ṣe láti bí 1992 sí 1995 ní ìṣòro yìí nínú wáyà ẹ́ńjìnnì wọn: ohun tí wọ́n fi bo wáyà náà kì í fara da ooru pẹ́. Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ orí àti ooru ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti iná iwájú náà.

Ẹjọ́ àwọn tó ní ká fa tuntun nìyẹn, ẹjọ́ tó lágbára sì ni. Nígbà tí rọ́bà bá ti kú, ibi tí a rí pé ó já lónìí, àkọ́kọ́ nínú ọ̀pọ̀ ni. Ohun tó sì ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀ ju òkùnkùn lọ. Bátìrì ọkọ̀ lè tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ámpíà jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí wáyà tó ṣí sílẹ̀ bá kan irin. Fíúsì ló wà láti gba ìyà yẹn jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ti rí ọkọ̀ tí wọ́n ti fi bébà fàdákà inú páálí sìgá wé fíúsì rẹ̀, tàbí tí wọ́n ti fi fọ́nrán wáyà bríìjì rẹ̀. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, wáyà ló máa di fíúsì, ọkọ̀ ló sì máa jó.

Wọ́n tún ní ẹjọ́ kan tí àwa tó fẹ́ràn ìwákiri máa ń gbójú fò. Àwọn tó ń wá a gbà pé bí a bá dá ọkọ̀ padà sí bó ṣe ti ilé iṣẹ́ jáde, ó parí. Ó ha dára tó nígbà yẹn bí? Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, gbogbo iná tí gílóòbù iwájú ń jẹ ló ń gba inú swíìṣì kọjá. Gílóòbù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 60 yóò fa ámpíà mẹ́wàá lórí fóólítì 12, ẹnu swíìṣì tó ti ṣí tó ti pa fún ogójì ọdún ni yóò sì máa gbé e. Ríwáyà tó bá fa tuntun dáadáa á fi rílè sí i. Ẹsẹ̀ rílè tó jẹ́ nọ́ńbà 30 gba iná láti bátìrì pẹ̀lú fíúsì tirẹ̀, 87 gbé e lọ fún gílóòbù, 85 àti 86 sì ń gba àṣẹ láti ọ̀dọ̀ swíìṣì. Swíìṣì kò gbé ẹrù mọ́, ó kàn ń pàṣẹ ni. Ìmọ́lẹ̀ tó ń tinú rẹ̀ jáde lè dára ju ti ọjọ́ tí wọ́n ra ọkọ̀ lọ. Ìwákiri kò lè fún ènìyàn ní ìyẹn.

Ẹjọ́ wọn kẹta kan àwa olówó ọkọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ nọ́ńbà àti àwọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ tí kò tíì kó sí ọwọ́ púpọ̀ ló bá mu. Nínú ọkọ̀ tí ríwáyà mẹ́jọ ti kọjá, wáyà lè pupa lẹ́nu fíúsì kó sì dúdú nídìí gílóòbù. Kí ni ẹni tó ń wá nǹkan yóò kà níbẹ̀? Àwa la sì fà á. A kì í fẹ́ sanwó ìwákiri. Bí ríwáyà bá lo wákàtí mẹ́ta kó tó rí ìdè kan tó tú, tó sì fi ìṣẹ́jú kan dè é, a ó ní, “Ṣé torí ìdè yìí náà lẹ ṣe ń pe irú owó yìí?” Bó bá fa wáyà, a fojú rí wáyà, a sanwó láìjanpata. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ń wo ọ̀gá rẹ̀ yóò tètè mọ èyí tó ń mú oúnjẹ wálé.

Síbẹ̀, wáyà tuntun ní àléébù tirẹ̀, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń tà ní Ládìpọ̀ tàbí ní Gate n'Ìbàdàn ni wáyà ọkọ̀. Àwọn kan jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lára. Ẹ fi ọ̀bẹ ha fọ́nrán rẹ̀ kan, bí inú rẹ̀ bá funfun, ẹ dá a padà, torí kò lè gbé ìwọ̀n iná tí bàbà ń gbé. Àwọn kan ń fi wáyà ilé, tí irin rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan gbọingbọin, ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀. Ilé kì í gbọ̀n, ọkọ̀ ń gbọ̀n lójoojúmọ́, irin bẹ́ẹ̀ á sì kán sínú rọ́bà rẹ̀ láìjẹ́ kí ojú rí i. Wáyà ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀pọ̀ fọ́nrán wẹ́wẹ́. Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ẹni tó ra rọ́ọ̀lù pupa kan ṣoṣo, tó fi fa gbogbo iná láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó ti fọ́ ojú ẹni tí yóò tún ọkọ̀ yẹn ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ìwákiri náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Wáyà méjì tí a lọ́ mọ́ra, tí a fi tépù dúdú wé, kì í ṣe àtúnṣe. Ooru á yọ́ gọ́ọ̀mù tépù náà, ọ̀rinrin á wọlé, ibẹ̀ á sì dípẹtà sínú òkùnkùn ìdì wáyà níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní fura sí. Bí a bá rí ibi tó já, ká fi lẹ́ẹ̀dì jó o pọ̀, ká sì fi ìbora tó mọ́ ọn lára bò ó.

Àwọn kan gbà pé LED ti yanjú ìjà yìí. Kò yanjú rẹ̀. Nítorí pé LED kì í fa iná púpọ̀, ó lè tàn lórí ẹ́ẹ̀tì tó ti bàjẹ́, àrùn náà á sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí a bá sì fi í sínú ilé iná tí wọ́n ṣe fún gílóòbù onírin, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń fọ́n ká lọ sí ojú ẹni tó ń bọ̀. Ẹni tí kò ríran lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ kò dára ju ọkọ̀ olójú kan lọ.

Níbo ni mo wá dúró? Bí rọ́bà wáyà bá ti ń fọ́ lọ́wọ́, tàbí bí bríìjì bá ti pọ̀ débi pé àwọ̀ kò túmọ̀ sí nǹkan mọ́, mo wà lẹ́yìn àwọn tó ní ká fa tuntun, mi ò sì ní fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ẹlòmíràn ṣòfò mọ́. Ohun tí a ṣe fún V-boot nìyẹn nígbẹ̀yìn: gbogbo wáyà iná iwájú di tuntun, pẹ̀lú rílè méjì àti fíúsì lọ́tọ̀ fún ọ̀tún àti òsì. A kò fọwọ́ kan ti ẹ̀yìn, torí rọ́bà rẹ̀ ṣì rọ̀. Ṣùgbọ́n bí wáyà bá ṣì ní ẹran lára, mo wà lẹ́yìn mítà. Gílóòbù, fíúsì àti ẹ́ẹ̀tì ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò, bí mo ṣe to wọ́n yẹn gan-an. Nínú méjèèjì, ẹni tó bá ní ká gé wáyà kí òun tó wọn nǹkan kan ni mi ò lè dá láre.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ àtijọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ bá ríwáyà yín ṣàdéhùn owó ìwádìí lọ́tọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì san án tayọ̀tayọ̀, bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ìdè kan tó tú ni wọ́n bá níbẹ̀.